Síǹkì inú Àlìkámà àti Ilẹ̀ tó Ń Hù Ú

Àlìkámà lè so wọ̀ǹtìwọnti kí èso rẹ̀ sì ṣaláìní ohun tí ara ènìyàn ń wá nínú búrẹ́dì, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni bí irè oko ṣe pọ̀ tó, ọ̀tọ̀ sì ni èròjà tó wà nínú hóró rẹ̀. Síǹkì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ìyẹn ohun àlùmọ́ọ́nì kan tí ara ń lò ní ìwọ̀n kín-ín-kín láti fi dàgbà, láti fi jẹ́ kí egbò jinná, àti láti fi bá àrùn jà. Ní ọdún 1961, Ananda Prasad, oníṣègùn ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Shiraz ní ilẹ̀ Ìráànì, kọ̀wé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọjọ́ orí wọn ti tó ti géńdé ṣùgbọ́n tí ara wọn ṣì rí bíi ti ọmọdé, tó sì jẹ́ pé búrẹ́dì àlìkámà ni wọ́n ń jẹ jù. Iṣẹ́ tó ṣe tẹ̀ lé e ní Íjíbítì ló fi hàn pé àìtó síǹkì wà nídìí rẹ̀. Síǹkì inú àlìkámà kò pọ̀, èyí tó sì wà níbẹ̀ pàápàá, phytate, èròjà tí hóró fi ń tọ́jú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pamọ́ de ìgbà tí yóò hù, máa ń dì í mú nínú ìfun tí kò fi ní ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni Tọ́kì. Ilẹ̀ gíga Anatolia, ní agbègbè Konya àti Eskişehir, jẹ́ ilẹ̀ ẹfun tí òjò rẹ̀ kò tó nǹkan. Síǹkì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò rí i fà, nítorí pé pH rẹ̀ ga, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, tó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí i. Bí òǹkà yìí bá sì fi ẹyọ kan ga sí i, síǹkì tó lè yòrò sínú omi ilẹ̀ yóò ku nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ismail Cakmak, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, pẹ̀lú owó NATO, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ogun nìkan. Wọ́n rí i pé síǹkì tí wọ́n dà sílẹ̀ ń jẹ́ kí irè pọ̀ sí i, àmọ́ èyí tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n sì fín sí ewé nígbà tí hóró ń gbó bọ̀, ló ń wọnú hóró jù.

Ipa tí náítírójìn ń kó níbẹ̀ ni kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àgbẹ̀ mọ ajílẹ̀ náítírójìn mọ́ ewé tútù yọ̀yọ̀ àti irè púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ohun ọ̀gbìn fi ń ṣe purotéènì, purotéènì ló sì ń gbé síǹkì láti inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tó sì ń gbà á mọ́ra nínú hóró. Nígbà tí ewé bá ń gbó lọ, ó máa ń tú purotéènì rẹ̀ palẹ̀, a sì fi náítírójìn, irin àti síǹkì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí hóró pọ̀. Nítorí náà, síǹkì tí wọ́n fún àlìkámà tí ebi náítírójìn ń pa kì í so èso tó bó ṣe yẹ.

Òdìkejì rẹ̀, ìyẹn kí irè pọ̀ kí síǹkì inú hóró sì dín kù, náà ń ṣẹlẹ̀. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà sí oko Broadbalk láti ọdún 1843, tí wọ́n sì ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú ìkórè ọdọọdún, àyẹ̀wò fi hàn pé síǹkì, irin àti bàbà inú hóró ti ń lọ sílẹ̀ láti àárín ọdún 1960 sí 1970, nígbà tí àwọn irú tuntun tí kì í ga púpọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń so gan-an dé. Àwọn èròjà yìí kò dín kù nínú ilẹ̀. Irè ló pọ̀ jù wọ́n lọ, bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé. Àṣejù náítírójìn sì ní ewu tirẹ̀, torí pé igi àlìkámà a máa wó lulẹ̀, náítírójìn tó ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ a sì ṣàn wọnú odò.

Àtúnṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ọgbọ́n. Ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ jíjẹrà ń tú síǹkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, imí ọjọ́ sì ń mú kí ilẹ̀ ẹfun kan díẹ̀. Èédú oníyẹ̀fun tí wọ́n ń polówó káàkiri báyìí sábà máa ń gbé pH sókè, ìdí nìyí tó fi lè ran ilẹ̀ kíkan lọ́wọ́ kó sì pa ilẹ̀ ẹfun lára. Ẹni tó bá ń tà á fún gbogbo ilẹ̀ kò ṣe àgbẹ̀ lóore.

Ti bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, ni Bùràsíìlì fi gbajúmọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Johanna Döbereiner, ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ lórí Azospirillum, tó ń gbé lára gbòǹgbò, tó ń mú náítírójìn díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, tó sì ń mú kí gbòǹgbò ya dáadáa. Mariangela Hungria, tó tẹ̀ síwájú nínú irú iṣẹ́ yìí, ló gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 2025. Àwọn mìíràn, bíi Bacillus àti Pseudomonas, ń tú ásíìdì tó ń yọ́ síǹkì sílẹ̀. Síbẹ̀, àlìkámà kì í ní kókó lára gbòǹgbò bíi ti ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, bakitéríà yìí kò sì lè rọ́pò ajílẹ̀ pátápátá. Ohun tó ṣe dáadáa nínú ìkòkò lè kùnà nínú oko, níbi tí àwọn onílé ti pọ̀ ju àlejò lọ.

Ní Nàìjíríà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà ti ń wá, ìwọ̀nba tí wọ́n sì ń gbìn nílé ń wá láti oko abomirin ìgbà ẹ̀rùn ní ìpínlẹ̀ bíi Kano, Jigawa àti Borno. Ibi yòówù kó ti wá, bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ di fùláwà funfun, eérí àti ọlẹ̀ rẹ̀, níbi tí síǹkì pọ̀ sí jù, ti bá ọ̀nà tiwọn lọ. Síǹkì tí wọ́n fín sí ewé lásìkò tó yẹ, lórí àlìkámà tó jẹ náítírójìn yó, máa ń dé inú funfun hóró náà pẹ̀lú.