Dígí Orí Òṣùpá àti Àṣìṣe Tó Bá A Rìn

Nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń padà bọ̀ láti orí òṣùpá lọ́dún 1969, wọ́n fi pátákó kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n to ègé dígí 100 sí. Iṣẹ́ dígí náà kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wá, kó dá a padà síbẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ ní Lick Observatory, California, tan léésà sí i, ó sì padà. Àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá mọ àsìkò tó lò ti mọ ọ̀nà tó rìn.

Ṣùgbọ́n bí aago bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì, sẹ́ńtímítà 15 ti wọ ìṣirò náà. Wọ́n tún aago ṣe títí ó fi já geere, ìgbà náà ni wọ́n wá rí i pé ara dígí fúnra rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Òṣùpá kì í kọjú sí wa gbọn-in. Ó ń mi díẹ̀díẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé, pátákó á sì fì. Igun kan á fi sẹ́ńtímítà mélòó kan sún mọ́ wa ju èkejì lọ. Hóró ìmọ́lẹ̀ tó padà kò sì ní sọ igun tó ti wá. Ní Apache Point, New Mexico, níbi tí onímọ̀ Tom Murphy àti ikọ̀ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yìí, bíi hóró kan péré ló ń padà nínú àìmọye tí wọ́n bá tàn lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ kí àṣìṣe tó dínkù sí bíi mílímítà kan tàbí méjì.

Afẹ́fẹ́ náà ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró díẹ̀, ilẹ̀ tí awò awọ̀nàjíjìn wọn dúró lé sì ń wú, ó ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Òṣùpá tí wọ́n ń wọ̀n ló ń fà á!

Òṣùpá àrànmọ́jú ló wá le jù. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà a máa dínkù gan-an. Nígbà tí òjìji ayé bo òṣùpá ní oṣù Kejìlá 2010, àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà tún pọ̀ sí i. Ooru oòrùn ni wọ́n fura sí: ó ń mú eruku orí dígí gbóná, dígí ò sì lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ dáadáa mọ́.

Ní oṣù Kẹta 2025, ọkọ̀ Blue Ghost gbé dígí tuntun débẹ̀. Ègé kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ tó sẹ́ńtímítà 10. Bí òṣùpá bá mi báyìí, kò sí igun méjì tí hóró ìmọ́lẹ̀ lè ti wá.