Ọdún Mẹ́rìndínlógún Lórí Ìwé: Kí Ni Èrè Rẹ̀?

Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Sabon Gari ní Kánò, ní Kàdúná àti ní Jọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti yí padà. Nígbà kan rí, ohun tí bàbá ń bi ara rẹ̀ ni ibi tí yóò ti rí owó rán ọmọ lọ. Nísinsìnyí, ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ó rán an lọ.

Ohun tí ó fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, ènìyàn lè rí ọmọ ìyá méjì. Ẹ̀gbọ́n gboyè ní yunifásítì, ó ti sin ìlú, ó sì ń kọ ìwé wáṣẹ́wáṣẹ́ láti ọdún dé ọdún. Àbúrò jáde ilé ìwé girama, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wáyà iná lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ó ṣe fìrídọ̀mù, ó gba ṣọ́ọ̀bù, òun náà sì ti ní ọmọṣẹ́. Bí iná ilé bá kú, àbúrò ni ìyá ń ké sí. Bí owó oúnjẹ bá tán, àbúrò náà ni. Bàbá tí ojú rẹ̀ ń rí èyí lójoojúmọ́, tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò WAEC, kò jẹ̀bi bí ó bá rántí ṣọ́ọ̀bù kí ó tó rántí yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọn kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní ọdún 1954 di èyí tí ó lé ní 800,000. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jáde, tí ọ̀pọ̀ wọn kẹ̀yìn sí oko baba wọn, tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́ akọ̀wé kiri Ìbàdàn àti Èkó. Iṣẹ́ akọ̀wé kò kárí. Nítorí èyí wà lára ìdí tí ìjọba náà fi dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, ní àwòṣe ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ìwé mẹ́fà lè rí oko ìgbàlódé dá. Púpọ̀ nínú wọn kò dúró síbẹ̀. Síbẹ̀, láàrin àwọn ọmọ ọdún 1955 kan náà ni nọ́ọ̀sì, dókítà àti ẹnjiníà ti jáde, àwọn mìíràn nínú wọn sì gba Òkè-Ọya lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹni tí ó bá fi ojú ọdún márùn-ún wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà náà yóò sọ pé òfò ni. Ẹni tí ó fi ojú ogún ọdún wò ó kò ní í sọ bẹ́ẹ̀.

Ìnira ti òde òní ni pé ọdún náà ti gùn jù. Ọdún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún gbáko ni, kí a tó fi ọdún kan àgùnbánirọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, lé e. Èyí jẹ́ bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, wọn kì í sì í lọ déédéé. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti ọdún 2020 bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ó sì di oṣù Kejìlá kí ó tó parí. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ọmọ tí ó bọ́ sí àárín méjèèjì pàdánù ohun tí ó lé ní ọdún kan, kì í ṣe nítorí pé ó ya ọ̀lẹ. Láàrin àkókò yẹn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè parí ìlàjì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Fún àwọn tí wọ́n wà ní àjò, ẹ̀gún mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tí ó gbọ́ Hausa bí ẹni jẹ̀kọ, tí kò tí ì sun ọjọ́ mẹ́wàá ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ni yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ìlànà ìgbaniwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ pín àyè sí ọ̀nà mẹ́ta: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tètè dé. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ kàwé ní Kánò níbi tí òbí rẹ̀ wà, àyè ti àkọ́kọ́ nìkan ni ó lè dù. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní a sì máa gba owó tí ó pọ̀ ju ti onílé lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wáyà kì í béèrè ìpínlẹ̀ ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ohun tí ó ń fa àwọn òbí sí ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ju ìfẹ́ owó lọ.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ará àjò gbàgbé Gánà. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wà nínú wọn, fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni ohun tí ó wà nínú orí àti ní ọwọ́: télọ̀ rán aṣọ nígbà tí ó délé, olùkọ́ sì kọ́ni. Ọjà ni ó ṣòro láti gbé. Bí a bá wò ó báyìí, ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, àwọn tí wọ́n ń fi wọ́n jà ni wọ́n ń ṣi ìjà jà.

Iṣẹ́ kan sì wà tí kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú sí. Kò sí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, apòògùn tàbí amòfin lẹ́yìn kanta. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá wà níbẹ̀, tí orí rẹ̀ sì gbé e, ọdún mẹ́rìndínlógún kò tilẹ̀ tó o. Ọ̀rọ̀ ń bẹ lórí ọmọ tí a kàn ń tì lọ sí yunifásítì nítorí pé ọmọ aládùúgbò lọ, tí ó gba iṣẹ́ tí wọ́n fún un dípò èyí tí ó béèrè. Bàbá rẹ̀ yóò fi owó ṣọ́ọ̀bù ra ìwé ẹ̀rí tí ọmọ náà kò fẹ́ràn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Yunifásítì àkàgbélé ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní ọdún 1984, tún ṣí ní ọdún 2002, ó sì ní ibùdó ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, níbi tí ẹni tí ń ta ọjà lè ti kàwé láìti ṣọ́ọ̀bù pa.

Nínú irú ilé tí a kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, ó ti ń ṣẹlẹ̀ pé ilé ìwé aládàáni kan fẹ́ kí àbúrò wá fa wáyà sí gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ó sì kọ iye owó iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àbúrò mọ iṣẹ́, kò mọ ìwé náà í kọ. Ẹ̀gbọ́n ni ó jókòó tì í lálẹ́, tí ó kọ ọ́, tí wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń fi iná ṣọ́ọ̀bù kàwé ìdánwò JAMB.