Ọmọ òṣìṣẹ́ irin tó ta Ty Cobb àti Babe Ruth yọ

Ará Aládjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri mọ bí iléeṣẹ́ irin ṣe ń sọ ìletò di ìlú. Nígbà tí wọ́n ṣí Delta Steel níbẹ̀ ní 1982, àwọn ènìyàn wọ́ wá láti ibi gbogbo, ibẹ̀ náà sì ni irin tí wọ́n ń nà ní Òṣogbo ti ń wá nígbà náà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Homestead, nítòsí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, níbi táwọn òṣìṣẹ́ irin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ti dá ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Homestead Grays sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí ni Josh Gibson ti di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí i ní 1911. Iṣẹ́ irin ló gbé bàbá rẹ̀ dé Pittsburgh kí ìyàwó àtàwọn ọmọ tó tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 18 ni Josh nígbà tí Grays gbà á ní 1930. Tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Agbára apá àti èjìká ló kù tó ń lò.

Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù kò le. Nínú ìgbà 1,000 tó gbé igi dání, ẹ̀ẹ̀melòó ló gbá bọ́ọ̀lù débi tó fi ráyè sáré dé ibùdó? Ẹni tó bá rí 300 ti di ìràwọ̀. Ty Cobb, tó wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí 367. Gibson rí 372. Bí wọ́n bá sì ka iye ibùdó tí bọ́ọ̀lù tó gbá mú wá nínú ìgbà 1,000 náà, 718 ni tirẹ̀, 690 ni ti Babe Ruth, tó wà lókè tẹ́lẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Líìgì àwọn aláwọ̀ funfun kò gba dúdú láyè títí di April 15, 1947, tí Jackie Robinson, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọlé. Gibson ti kú ní January ọdún náà, ọmọ ọdún 35. Ó di May 2024 kí wọ́n tó kó àkọsílẹ̀ líìgì àwọn dúdú pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù.

Àwọn kan ń ṣàròyé pé ìdíje tó gbá kò pọ̀ tó ti Cobb. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó tìlẹ̀kùn mọ́ ọn ló fà á. Bó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá, Barry Bonds ló wà lókè pẹ̀lú 762, Hank Aaron tẹ̀lé e pẹ̀lú 755. Ṣùgbọ́n tó bá di ká gbé igi ká gbá bọ́ọ̀lù, Josh Gibson ni ọ̀gá wọn.