OÒGÙN ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN: BÍ A Ó ṢE LA Ọ̀SẸ̀ ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀ KỌJÁ

   

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí kì í ṣe èyí táwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ oògùn tí dókítà máa ń fún ẹni tí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ni. Kì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ lónìí, tí yóò sì tún dùn lọ́la, là ń wí. Ẹni tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rí oorun sùn, tàbí tó jẹ́ pé oorun ló ń sùn ṣáá. Tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò jọ ọ́ lójú mọ́. Tó ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Tó bá kírun pàápàá, á dà bí ẹni pé ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìnígbàgbọ́ ló fà á. Ànábì Ọlọ́hun ni Yakubu, baba Yusufu, síbẹ̀ Súrà Yusufu, aaya 84, sọ bí ojú rẹ̀ ṣe funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ayé àtijọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Abu Zayd al-Balkhi, tó gbé ayé láàárín ọdún 850 sí 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó pín ìbànújẹ́ sí méjì: èyí tí ìdí rẹ̀ hàn, bíi ti ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, àti èyí tí èèyàn ò lè tọ́ka sí ìdí rẹ̀. Ó ní èkejì yìí wá láti inú ara, ìtọ́jú ti ara ló sì ń fẹ́. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n á ti bẹ aláìsàn títí, wọ́n á ti pe ẹbí jọ, wọ́n á ti lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, kó tó wá gbà láti lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ Aro l'Ábẹ́òkúta, tàbí Yaba l'Ékòó, tàbí UCH n'Íbàdàn, tàbí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ wọn. Dókítà á kọ oògùn fún un. Tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní, "Oògùn yìí ló tún fẹ́ pa á báyìí. Ẹ dà á nù!" Wọ́n á sì dà á nù lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Oògùn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ paracetamol o. Tí orí bá ń fọ́ yín, tẹ́ ẹ lo paracetamol, kí wákàtí kan tó pé ẹ ti mọ̀ pé ẹ lo nǹkan. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnira rẹ̀ ló máa ń tètè dé, àǹfààní rẹ̀ ló máa ń pẹ́. Ẹni tí wọn ò bá sọ èyí fún tẹ́lẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní í rò pé wọ́n ti fún òun ní májèlé.

Àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ ni fluoxetine, sertraline, escitalopram, àti amitriptyline, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1961. Fluoxetine ní tirẹ̀, ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka fluoxetine àti amitriptyline mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Wọn kì í ṣe oògùn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ń dán wa wò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ohun kan wà nínú ọpọlọ wa tí wọ́n ń pè ní serotonin. Òun ni apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Tó bá ti jíṣẹ́ tán, ibi tó ti wá á tún fà á padà. Ohun tí fluoxetine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ọ̀nà tó ń gbà padà, kó lè pẹ́ sí i níbi tá a ti ń fẹ́ ẹ. Láàárín wákàtí mélòó kan ni ìyẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í gba àyípadà lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún ara rẹ̀ tò. Èyí tó wá yani lẹ́nu ni pé orí kọ́ ni serotonin pọ̀ sí jù. Bí a bá pín gbogbo èyí tó wà lára èèyàn sí 100, bí 90 ló wà nínú ìfun. Ẹ ò wá rí i pé kò yani lẹ́nu tó bá jẹ́ pé inú ló kọ́kọ́ ké: èébì á fẹ́ máa gbé èèyàn, ìgbẹ́ á máa ṣí, oúnjẹ ò ní í wù ú.

Àwa tá à ń gbààwẹ̀ ló yẹ kí èyí tètè yé. Baba tó máa ń jẹ obì láràárọ̀, lọ́jọ́ kìíní Ramadan, tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là á. Ààwẹ̀ kọ́ ló burú, ara rẹ̀ ni kò tíì mọ́ ọn. Tó bá di ọjọ́ kẹfà, ẹ ò ní í gbọ́ ariwo orí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, orí lè máa fọ́ èèyàn, òòyì lè máa kọ́ ọ, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè máa bò ó, oorun lè dá lójú rẹ̀. Ọkàn pàápàá lè dà rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: àyà á máa já, kò ní í lè jókòó sójú kan. Èyí ló máa ń dẹ́rù bani jù, torí ohun téèyàn ń sá fún gan-an ló dà bí ẹni tó ń pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ni wàhálà yìí ti máa ń rọlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ni ìrọ̀rùn máa ń yọjú, kì í sì í ṣe inú dídùn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Oorun lè kọ́kọ́ padà, oúnjẹ á tẹ̀ lé e, á lọ wẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan lé e. Aláìsàn fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ìyàwó, tàbí ọkọ, tàbí ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí agbára oògùn náà tó hàn tán. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ padà sọ fún dókítà. Ó lè fi kún un, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ fi kún un o.

Ìmọ̀ràn kan tí mo fẹ́ràn: ẹ mú kàlẹ́ńdà tí mọ́ṣáláṣí máa ń tẹ̀ fún àsìkò sààrì àti ìṣínu, ẹ máa fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pé a lo oògùn, a sùn fún wákàtí báyìí, a jẹun tàbí a ò jẹun. Ọjọ́ kan tó burú lè mú kí èèyàn gbàgbé pé àná àti ìjẹta dára díẹ̀. Ìwé kì í gbàgbé. Dókítà náà á fẹ́ rí i.

Ní ti ìnira inú, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ló dára, kì í ṣe ká fi àkàrà olóró àti mọ́ínmọ́ín kún inú bámúbámú nígbà ìṣínu. Ẹ̀kọ gbígbóná, dàbínù díẹ̀, omi tá a fi ata ilẹ̀ sè, wọ́n máa ń bá inú rìn. Ẹni tí kò róorun sùn, kó jìnnà sí obì, orógbó àti kọfí. Tí orí bá ń fọ́, paracetamol ni kẹ́ ẹ lò. Aspirin àti ibuprofen lè mú kí inú tètè ṣẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àwọn oògùn bíi fluoxetine, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lò wọ́n. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ rọra dìde, pàápàá láti ìforíkanlẹ̀, ẹ má sì gun ọ̀kadà. Tí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ lọ sọ ọ́. Dókítà lè ní kẹ́ ẹ fi ìdajì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá náà wà níbẹ̀: oògùn yìí lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù. Kí ọkọ tàbí ìyàwó má rò pé wọ́n ti kórìíra òun.

Ẹ ó béèrè pé, ààwẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n máa ń lo ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí, nítorí náà kò sọ pé ká fi ààwẹ̀ ṣe àwáwí láti má lò ó. Fluoxetine máa ń lé oorun lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lò ó láàárọ̀. Nínú Ramadan, ẹ lè lò ó pẹ̀lú oúnjẹ sààrì. Tí èébì bá wá ń dà yín láàmú lọ́sàn-án, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìṣínu. Alẹ́ ni ti amitriptyline nítorí ó ń mú oorun wá. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó lò ó, sààrì á kọjá lórí yín. Ó tún ń mú ẹnu gbẹ, kì í sì í jẹ́ kí ìgbẹ́ ya dáadáa, torí náà ẹ mu omi tó pọ̀ láàárín ìṣínu sí sààrì. Èébì tó ṣàdéédé gbé èèyàn kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Èyí téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀ ló ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá sọ pé kẹ́ ẹ má gbààwẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ gbà. Súrà Bakọrah, aaya 184 àti 185, ti fún aláìsàn láyè láti san án pada ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ń lo lithium, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: tí omi bá dín kù lára, oògùn náà lè di májèlé. Kí ó ti rí dókítà kí Ramadan tó wọlé.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti gbé rédíò sún mọ́ra. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, agbára ara lè padà kí ìbànújẹ́ tó lọ. Ẹni tí kò ní agbára láti dìde nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wá ní agbára láti pa ara rẹ̀ lára. Ó tún léwu jù fún àwọn ọ̀dọ́: ní ọdún 2004 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Ámẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa èrò ìpara-ẹni sára oògùn yìí nítorí àwọn ọmọdé, ní 2007 wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ títí dé ọmọ ọdún 24 kún un. Kì í ṣe pé kí ọ̀dọ́ má lò ó. Kí ojú ilé wà lára rẹ̀ ni. Ẹ bi í gbangba pé, "Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kò ní í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó lè jẹ́ òun ló máa tú ẹrù sílẹ̀ láyà rẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn eku àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú oògùn náà, pàápàá amitriptyline, torí èyí téèyàn bá lò ní àlòjù lè pa á.

Àmì mìíràn tún wà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tí kò sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó bí ẹlẹ́dà, tó ń sọ pé wọ́n ti rán òun níṣẹ́ sí aráyé. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan, tí gbogbo ayé ń ṣàìsùn, àwọn èèyàn lè máa pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́ tó ga. Oògùn ló ti ru orí rẹ̀ sókè, dókítà ni kó rí i kíákíá. Bákan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń gbọ̀n, tí iṣan rẹ̀ le gbagidi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ohun tó sábà ń fa ìyẹn ni kí wọ́n da oògùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, tramadol sì wà lára wọn, ìyẹn èyí táwọn ọmọ wa ń gbé jẹ bí súìtì. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi ná.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má sọ pé "Ṣebí o kì í kírun déédéé." Ẹ má sì máa bi í láràárọ̀ pé "Ṣé ó ti ṣiṣẹ́?" Tó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, kí ẹlòmíràn se oúnjẹ ìṣínu fún ọjọ́ mélòó kan; èèyàn mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ máa dúró de ẹni tí ara rẹ̀ kò dá nídìí ààrò. Ẹ kéwú sí i lára, ẹ ṣe àdúà fún un, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èyí tó burú ni kí ẹni tó wá kéwú sọ pé kẹ́ ẹ kó oògùn dà sí kòtò.

Tó bá gbàgbé láti lò ó lọ́jọ́ kan, kó má lo méjì papọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ara rẹ̀ bá sì yá, wọ́n ṣì máa ń ní kó lò ó fún bí oṣù mẹ́fà sí i, ó kéré tán, kí àìsàn náà má baà padà. Tí àsìkò àti fi í sílẹ̀ bá tó, dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, òòyì àti àìróorunsùn ọ̀sẹ̀ kìíní ọjọ́sí lè tún bá a lálejò.