Kí Ló Dé Tí Brexit Fi Sú Wọn?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn kúrò nínú EU. Lónìí, àwọn tó ń sọ pé àṣìṣe ni ló pọ̀ jù.

Lójú tèmi, wàhálà ìwé ló ká wọn lára jù. Àdéhùn tí wọ́n ṣe gbé owó ibodè kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta wàràkàṣì sí Faransé ní láti kọ́kọ́ gba ìwé tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí, kí ó tó wá kan àwọn aṣọ́bodè. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbé e. Ẹni tó ń ta díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?

Ti àlejò ló tún pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dín wọn kù. Àwọn ará Yúróòpù dín kù lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò tọ́jú arúgbó mọ́, ni wọ́n bá ṣí físà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní 2022. Ta ló wọlé? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín tó já pa! Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn yẹn pa mọ́ àwọn tó fẹ́ ti òkè òkun wá.