Dídì àti Fífún: Ọ̀rọ̀-ìperí Méjì nínú Iṣẹ́ Ẹnjinníà Fídíò Ìròyìn

Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ti ń gbé àwòrán tí ń rìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òṣìṣẹ́ kan ti wà tí òǹwòran kì í rí. Òun ni àgbà ẹnjinníà iṣẹ́ àìrídìmú. Kì í ṣe òun ni ó di kámẹ́rà mú, kì í sì í ṣe òun ni ó ka ìròyìn. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ìròyìn gbà kọjá kí ó tó dé ojú ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí ẹ̀ka Yorùbá ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, tí fídíò sì di ara ohun tí ó ń gbé jáde, iṣẹ́ yìí di ohun tí ó kan olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè Yorùbá pẹ̀lú. Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí á fi ṣàpèjúwe ohun tí ẹnjinníà ń ṣe fún àwòrán?

Fídíò kò ju ọ̀wọ́ àwòrán tí ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá lọ. Ká ní àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì aláwọ̀ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Àpapọ̀ àmì inú àwòrán kan jẹ́ 2,073,600. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 3, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré yóò gba báìtì 155,520,000. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín in kù. Ìlànà H.264, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2003, a máa fi àwòrán odindi kan ránṣẹ́, lẹ́yìn náà a máa fi kìkì ìyàtọ̀ tẹ̀ lé e. Bí akàròyìn bá jókòó, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà. Ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń mira. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò dúró níbẹ̀. Ó tún ń yọ ohun tí ojú ènìyàn kì í tètè rí kúrò: ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọ̀, fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ lára aṣọ òkè.

Níbí ni ọ̀rọ̀-ìperí ti di ọ̀ràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìdínkù tí ó ṣeé tú padà àti èyí tí kò ṣeé tú padà, kí ó tó wá ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí atúmọ̀-èdè bá tẹ̀ lé e, tí ó pe méjèèjì ní ‘ìfúnpọ̀’, ìyàtọ̀ náà sọnù. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì nílẹ̀. Ẹni tí ó di ẹrù sínú àpò lè tú u, kí ó sì bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ láìdín ẹyọ kan. Ẹni tí ń ṣe gàrí a máa rọ ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò, a sì máa fún un. Omi tí ó ti ṣàn lọ kò tún padà sínú ẹ̀gẹ́ mọ́. Dídì ni ti fáìlì ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kọ, nítorí lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ sọnù. Fífún ni ti fídíò.

Iṣẹ́ àgbà ẹnjinníà ni láti pinnu bí wọn yóò ti fún un tó. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà HLS tí Apple gbé jáde ní ọdún 2009, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà fídíò kan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, wọ́n sì ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 6 ni Apple dámọ̀ràn fún ègé kan. Fóònù a máa yan ìwọ̀n tí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Nípa báyìí, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára ni ó ń rí ẹ̀dà tí wọ́n fún jù lọ.

Ẹ wo fídíò ìjàǹbá kan tí ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ hàn. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fún púpọ̀, 3 lè jọ 8. Bí ènìyàn bá tún ń fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ láti orí fóònù sí fóònù, tí wọ́n sì ń tún un fún lọ́nà, àdánù ń gorí àdánù. Ẹ̀rọ tí ó bá ní òun yóò mú un mọ́ kedere padà, àbá ni ó fi dí àlàfo, kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí ẹnjinníà tí ó mọṣẹ́ fi ń ṣe gbogbo ẹ̀dà láti ara fídíò àkọ́kọ́, tí ó sì ń tọ́jú àkọ́kọ́ náà pamọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ ní ‘dídì’ níbi tí ó yẹ kí ó gbọ́ ‘fífún’ yóò gbà pé òtítọ́ ṣì wà nínú fídíò tí ó dé ọwọ́ rẹ̀, ó ku kí á tú u. Èyí tí ó mọ̀ pé wọ́n ti fún un yóò béèrè fídíò àkọ́kọ́.