Ìjọba àti Ètò Adójútòfò Ìlera

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba dá sí ètò adójútòfò ìlera? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Adójútòfò ni ohun tí ń dójú ti òfò. Òfò tí a ń wí níhìn-ín ni ti àìsàn òjijì, tí í máa sọ ẹni tí ó rí jẹ lánàá di onígbèsè lónìí.

Àwọn kan a máa fi ètò yìí wé èésú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Nínú èésú, olúkúlùkù ni yóò kó owó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú aláìsàn. Àdúrà ẹni tí ó dáwó sì ni pé kí òun má rí i kó. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó wù, kìkì àwọn tí àìsàn ti ń dà láàmú ni yóò wọlé, àwọn alára líle yóò dúró síta, owó yóò sì tán nínú àpò.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ dá sí i, nítorí òun nìkan ni ó lè fi òfin mú gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn a fèsì pé ẹni tí kì í ṣe ìṣirò owó ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi dandan dáwó fún. Ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ni ó ní láárí.

Nàìjíríà ti tọ ọ̀nà méjèèjì wò. Òfin 1999 dá ètò náà sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n kò di dandan fún gbogbo ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí ibi kan náà ni owó oṣù wọn ti ń jáde. Àgbẹ̀, alájàpá àti oníṣẹ́-ọwọ́ kò ní irú owó oṣù bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 wá pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpò owó rẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera kòṣeémánìí, kí ìdajì rẹ̀ sì gba ọwọ́ ètò adójútòfò kọjá. Òfin 2022 ni ó sọ ètò náà di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà, tí ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká owó náà.

Lójú tèmi, ibí yìí ni kókó àríyànjiyàn náà wà. Dandan fún ẹni tí kò ní kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ, àfi bí ìjọba bá bá a san án. Dandan fún ẹni tí ó ní, láìsí ìṣirò, kò sì yàtọ̀ sí ìrẹ́nijẹ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọba tí ó ní kí a kó ọwọ́ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo wa sì rí i.